Akọni Tí Ó Wọlé Tọ̀ Wá: Láti Ogun Jálumi dé Jagun Jagun

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ayé òde òní, ó yẹ kí a wo ilé pẹ̀lú kí a tó dá sinimá lẹ́jọ́, nítorí inú ilé ni sinimá ń gbé báyìí. Akọni tí à ń sanwó ní gbọ̀ngàn kí a tó fi ojú kàn án ní ìgbà kan rí ti di ẹni tí ó ń bá wa jókòó ti oúnjẹ alẹ́. Irú akọni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lé lórí: ẹni tí agbára rẹ̀ ju ti ọmọ aráyé lọ, ṣùgbọ́n tí òkùnkùn wà nínú ọkàn rẹ̀, tí ìtàn rẹ̀ sì le gẹ́gẹ́ bí ayé tìkára rẹ̀ ti le. Agbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ni n ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jìnnà sí ara wọn, odò kan náà ni ó so wọ́n pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ohun kan láti kọ́ wa nípa akọni.

Irú sinimá yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní oṣù Keje ọdún 2008 ni Christopher Nolan gbé The Dark Knight jáde ní Amẹ́ríkà. Batman, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, kò ní agbára àràmàǹdà kankan. Ọta ìbọn lè pa á. Owó, ọgbọ́n àti ìgboyà ni ó fi ń jà. Nígbà tí ìtàn náà yóò fi parí, ó ti gba ẹ̀bi ẹlòmíràn rù sórí ara rẹ̀ kí ọkàn àwọn ará ìlú má baà rẹ̀wẹ̀sì. Kí ọdún náà tó parí, ní oṣù Kejìlá, àwo DVD rẹ̀ ti wà lórí àtẹ, àwọn ènìyàn sì ń rà á lọ sílé. Ọ̀pọ̀ yìn ín pé ó sọ akọni di ènìyàn. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan láàrin wa pé òkè òkun ni àwọn onísinimá Yorùbá ti kọ́ ọ pé kí akọni ní àbùkù, kí ìtàn rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Èrò yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Bí a bá tú ìtàn wò dáadáa, a ó rí i pé kò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán wá sí ilẹ̀ wa ni Yorùbá ti ní orúkọ fún agbára tí ó ju agbára lọ. Àfẹ́ẹ̀rí ni ti ẹni tí ó lè pòórá mọ́ ọ̀tá lójú. Kánàkò ni ti ẹni tí ó lè sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú. Egbé ni ó ń gbé ènìyàn kúrò lójú ewu lọ sí ibi tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Òkígbẹ́ kì í jẹ́ kí idà ràn, ayẹta kì í jẹ́ kí ọta wọlé, gbètugbètu sì ni ti ẹni tí ó bá pàṣẹ tí ọ̀tá ṣe bí ó ti wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé àwọn àgbà kì í sọ̀rọ̀ oògùn kí wọ́n má sọ̀rọ̀ èèwọ̀. Ẹni tí irin kò lè pa, ohun kékeré kan wà tí kò gbọdọ̀ jẹ, tàbí tí kò gbọdọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí tí kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ obìnrin. Agbára tí kò ní ibi tí ó ti lè fọ́ kò sí nínú èrò àwọn baba wa. Nítorí náà, láti ìpìlẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé akọni kì í ṣe òrìṣà tí kò lè ṣubú. Àwọn òrìṣà pàápàá ní èèwọ̀ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìnísà. Obìnrin ni akọni tibẹ̀, Ọ̀tìn sì ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé láti Ọ̀tan ni ó ti wá, nígbà tí àwọn ọ̀tá àyíká ń yọ ìlú lẹ́nu. Ó jagun fún wọn, ó sì ṣẹ́gun. Lẹ́yìn èyí ni ó di odò. Títí di òní ni a ń ṣe ọdún Ọ̀tìn, orúkọ odò náà ni a sì fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn tí olú rẹ̀ wà ní Òkukù. Bí a bá rò ó dáadáa, ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn ayọ̀ lásán. Obìnrin náà kì í ṣe ọmọ ìlú, síbẹ̀ òun ni ó gbà wọ́n. Kò jókòó sórí ìtẹ́ lẹ́yìn ogun, kò kó ẹrú, kò kọ́ ilé alárà. Ẹni tí ó gba ìlú là ni kò rí ààyè gbé inú ìlú náà gẹ́gẹ́ bí ènìyàn mọ́. Ìlú jèrè, akọni ni ó san owó rẹ̀. Ta ni yóò tún sọ pé Amẹ́ríkà ni a ti kọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀?

Láti ibi ìtàn Ọ̀tìn, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé odò náà dé orí ogun tí ọjọ́ rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, Ìbàdàn ni ó di olórí agbára ogun ní ilẹ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1840 ni wọ́n dá ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dúró ní Òṣogbo, láti ìgbà náà ni ọwọ́ wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Èkìtì. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú lẹ́yìn ìlú. Àwọn kan nínú àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí ń fi ìyà jẹ àwọn onílé, wọ́n ń gba ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní ìlú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì di ogun. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìlá àti Ìlọrin para pọ̀, wọ́n dojú kọ Ìkìrun tí ó wà lábẹ́ ààbò Ìbàdàn. Ìgbà náà burú fún Ìbàdàn, nítorí pé láti 1877 ni Ààrẹ Látòósà ti fa ìjà pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, tí ọ̀nà òkun sì ti dí mọ́ wọn.

Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ni ó kó àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wá láti gba Ìkìrun sílẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, ogun náà yanjú. Àwọn ọ̀tá kò pàgọ́ sí ojú kan. Nígbà tí Ìbàdàn tú apá kan, ẹ̀rù ba apá kejì. Àwọn ará Ìlọrin yí ẹ̀yìn padà, Odò Ọ̀tìn sì wà níwájú wọn, ó kún. Wọ́n já lu omi, tènìyàn tẹṣin, ọ̀pọ̀ wọn ni odò sì gbé lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi.

Ibi yìí ni ó yẹ kí òǹkàwé ti dúró díẹ̀. Odò tí a sọ pé ó jẹ́ obìnrin akọni ní Ìnísà ni odò kan náà tí ó gbé àwọn ọ̀tá Ìkìrun lọ. Olùsìn Ọ̀tìn lè sọ pé ìyá tún jà fún àwọn ọmọ rẹ̀, a kò sì ní bá a jiyàn. Òpìtàn yóò sọ pé òjò ọdún ti kún odò, ẹṣin ti dijì, àwọn tí ń sá kò sì rí ibi gbà kọjá. Ṣùgbọ́n òkú kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà. Àwọn tí wọ́n kú sínú omi ní ìyá, wọ́n ní ìyàwó, wọ́n ní oko tí wọ́n fi sílẹ̀. Ìṣẹ́gun náà dùn ní Ìkìrun, ẹkún ni ó jẹ́ ní ibòmíràn, ìtàn tí kò bá sì ní ààyè fún ẹkún ẹni tí a ṣẹ́gun kò tíì pé.

Ìṣẹ́gun Jálumi kò sì mú àlàáfíà wá. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó di ìpìlẹ̀ ogun tí ó gùn jù lọ nínú ìtàn wa. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kò túbá. Wọ́n dá Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà sì di olórí ogun wọn. Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí apá Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n sì ń wo ara wọn lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó yí ojú ogun náà padà kì í ṣe ońdè tàbí ìgbàdí. Ìbọn tuntun tí a ń ki ọta sí láti ìdí ni, èyí tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ń rán sí àwọn ará ilé. Dídún ìbọn wọ̀nyí ni ó sọ ogun náà ní Kírìjí. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. Ní 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, wà lára àwọn tí ń rìn láàrin ibùdó méjèèjì láti parí ìjà náà. Ní gbogbo ìgbà yìí, àwọn ará Òkukù ti kó ilé àti oko wọn sílẹ̀, Ìkìrun ni wọ́n sá sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé títí ogun fi tán. Ọmọ tí a bí sí ìsánsá ní ìbẹ̀rẹ̀ ti ń balágà kí ó tó rí ìlú baba rẹ̀. Èyí ni ogun gan-an: akọni kan ń gba oríyìn, odidi ìlú sì ń ṣe àlejò ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ìlú mìíràn.

Ẹ̀kọ́ kẹta wà ní Òkukù fúnra rẹ̀. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979 ni Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá gbé ìlú náà láti kọ́ nípa oríkì. Ó jókòó ti àwọn obìnrin tí ń kì, ó sì kọ ìwé ńlá kan lórí rẹ̀ tí ó jáde ní 1991. Ẹ̀rí ìwé náà kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó bá fetí sílẹ̀ sí oríkì yóò gbọ́. Oríkì kì í ṣe ìyìn lásán. Ó ń dárúkọ ìwà ipá ọkùnrin náà, ó ń dárúkọ àbùkù ara rẹ̀, ó ń sọ ìgbà tí nǹkan ṣú u lójú, ó ń rántí ọ̀ràn tí ó dá, gbogbo rẹ̀ ni a sì kó pọ̀ sí ibi kan náà tí a ń kó ọrọ̀ àti ìṣẹ́gun rẹ̀ sí. Ọmọ rẹ̀ yóò dúró, orí rẹ̀ yóò wú, yóò sì fún akéwì lówó. Kí ni èyí túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé lójú àwọn baba wa, ènìyàn ńlá ni ẹni tí a lè dárúkọ ohun rere àti ohun búburú rẹ̀ ní gbangba tí kò sì kéré sí i. Akọni tí ó mọ́ láúláú, tí kò ní àléébù kan, tí gbogbo ìjà rẹ̀ jẹ́ fún òdodo, òun gan-an ni àjèjì láàrin wa.

Nígbà tí àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gbé akọni wá sórí ìtàgé, ọ̀nà yìí ni àwọn tí ó dára jù nínú wọn tọ̀. Ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìkìrun, ni Dúró Ládiípọ̀ ti kọ́kọ́ ṣe Ọba Kò So ní 1963. Iná ń yọ lẹ́nu Ṣàngó inú eré náà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni ó wà nínú ọkàn rẹ̀. Ó bẹ̀rù àwọn jagunjagun rẹ̀ méjì, Tìmì àti Gbọ̀ọ́nkáà, nítorí pé òkìkí wọn ń ga. Ó dẹ wọ́n sí ara wọn, ète náà sì yí padà lé e lórí. Àwọn ènìyàn rẹ̀ fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ti okùn. Eré yìí dé Jámánì ní 1964, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, àwọn òyìnbó sì pàtẹ́wọ́ fún akọni tí agbára rẹ̀ pọ̀ tí ó sì pa ilé ara rẹ̀ run. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ó kọ́ ẹnì kan ní nǹkan, ẹ jẹ́ kí a ka ọdún: 1963 ṣáájú 2008.

Láti orí ìtàgé ni akọni ti bọ́ sínú sinimá. Ní 1979, Hubert Ògúǹdé àti Ọlá Balógun gbé Aiyé jáde. Ògúǹdé tìkára rẹ̀ ni Òṣétùúrá, babaláwo tí ó dojú ìjà kọ àwọn àjẹ́. Èrò wọ́ lọ wò ó. Àwọn òṣèré a máa gbé ẹ̀rọ àti aṣọ funfun láti ìlú dé ìlú. Gbọ̀ngàn ìlú àti gbọ̀ngàn ilé ìwé ni wọ́n sì ń yá lò níbi tí kò sí ilé sinimá. Jáiyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Nínú Aiyé, ire wà ní apá kan, ibi wà ní apá kejì, kò sì ṣòro fún ọmọdé láti mọ ẹni tí yóò gbè lẹ́yìn. Mo fi ọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ńlá tí Ògúǹdé ṣe, ṣùgbọ́n akọni rẹ̀ jìnnà sí Ṣàngó ti Ládiípọ̀, ó sì jìnnà sí àwọn ọkùnrin inú oríkì Òkukù. Kò sí ìgbà tí a bi Òṣétùúrá pé kí ni agbára náà ń ṣe fún ọkàn tirẹ̀.

Báwo wá ni akọni ṣe wọlé tọ̀ wá? Olè ni ó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un. Ní 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, náwó ńlá lórí Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí. Àwọn kan jí fíìmù náà dà kọ sínú káséètì fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Ẹni tí ó ti wò ó ní pálọ̀ kò tún sanwó wọ gbọ̀ngàn mọ́. Gbèsè dé bá Bàbá Sàlá, ẹni tí ń pa wá lẹ́rìn-ín ni a mú sunkún, títí ó sì fi kú ní 2018 ni a ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àpẹẹrẹ. Kí àwa tí à ń kọ ìtàn fídíò ilé má gbàgbé pé ẹnì kan ni ó san owó ìgbádùn tí a kọ́kọ́ jẹ nínú ilé wa.

Nígbà tí ó di 1986, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, iye náírà já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣèré kò lè ra ike fíìmù mọ́, wọn kò sì lè san owó fífọ̀ rẹ̀ ní òkè òkun. Àwọn onítìátà bá ronú jinlẹ̀: bí káséètì bá lè pa wá, ó lè bọ́ wa pẹ̀lú. Adé Àjíbóyè ni a sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí aṣáájú, nítorí pé ní 1988 ni ó fi ẹ̀rọ fídíò ṣe Ṣóńṣó Méjì. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Ní 1993, Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde, ọjà Ìdúmọ̀tà ní Èkó sì di orísun káséètì tí ó ń tàn dé gbogbo ìlú Yorùbá. Lẹ́yìn káséètì ni àwo pẹlẹbẹ dé. Ní 2016, Netflix ṣílẹ̀kùn fún ilẹ̀ wa, fóònù inú àpò sì di gbọ̀ngàn.

Inú gbọ̀ngàn tuntun yìí ni Jagun Jagun ti jáde ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ni ó ṣe é, Adébáyọ̀ Tìjání àti Tọ́pẹ́ Adébáyọ̀ Sàlámì ni wọ́n darí rẹ̀. Kò gba ilé sinimá kọjá. Ilé ni ó wọ̀ tààrà, ní orílẹ̀-èdè tí ó pọ̀, lọ́jọ́ kan náà. Gbọ́tìjà, tí Lateef Adédiméjì ṣe, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní ẹ̀bùn àràmàǹdà. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ Ogundiji, jagunjagun tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjà tí ó sì ń bá àwọn tí ń wá oyè ja ìjà wọn. Bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà nínú iṣẹ́ ni ẹ̀rù ń ba ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Ọba Kò So yóò dá ojú ìbẹ̀rù yẹn mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbẹ̀rù tí ó mú Ṣàngó dẹ Gbọ̀ọ́nkáà sí Tìmì ni. Ilé ẹ̀kọ́ ogun inú fíìmù náà burú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀, akọni tí a fẹ́ràn sì ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí kò fẹ́ kí ó tó lè yè é.

Àwọn kan bínú sí irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó ń bà wá lórúkọ jẹ́, pé aráyé yóò rò pé oògùn àti idà nìkan ni àwọn baba wa mọ̀. Ẹ̀sùn náà kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òkùnkùn inú Jagun Jagun ni ó jẹ́ òtítọ́ jù nínú rẹ̀. Ọkùnrin tí ogun jẹ́ òwò rẹ̀, tí àlàáfíà jẹ́ àdánù fún un, kì í ṣe àròsọ. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún kún fún irú wọn, àwọn ará Òkukù tí wọ́n di ìsáǹsá ní Ìkìrun mọ̀ wọ́n dáadáa. Ohun tí mo rí pé ó ṣe aláìní ni ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí kò ní oògùn nínú: ta ni ń bọ́ àwọn ọmọ ogun? Ta ni ó ni ẹ̀tù? Kí ni iye ẹrú tí a ó tà kí a tó lè san gbèsè ìbọn? Ní Jálumi àti Kírìjí, oúnjẹ, àwìn àti ọ̀nà ọjà ni ó ń pinnu ẹni tí yóò dúró. Fíìmù tí ó bá fi èyí hàn wá yóò ṣókùnkùn ju èyí tí a rí lọ, yóò sì wúlò jù ú lọ.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Efúnṣetán Aníwúrà. Ìyálóde Ìbàdàn ni, oníṣòwò ńlá tí àwọn ológun ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn. Nígbà tí ó yá, àárín òun àti Látòósà dàrú, àwọn ẹrú rẹ̀ ni a sì lò láti pa á nínú ilé rẹ̀ ní 1874. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré nípa rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1970, ó sì di fíìmù ní 1981. Eré náà dùn, iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n òǹrorò tí ń bẹ́ orí ẹrú ni ó kù lọ́kàn ẹgbàágbèje ènìyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ni ó fi àkọsílẹ̀ rán wa létí pé ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ agbára àti ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó dá ológun lóhùn wà nínú ọ̀ràn náà. Èmi kò sọ pé kí òǹkọ̀wé eré má dá àrà. Mo ń sọ pé nígbà tí eré bá wọ ilé tí àkọsílẹ̀ kò sì tẹ̀ lé e, eré ni yóò di ìtàn.

Ewu náà sì pọ̀ sí i ní àkókò tiwa. Láti sáà 2009 sí 2010 ni ìjọba àpapọ̀ ti yọ Ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti gírámà kékeré, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó sọ pé kí ó padà. Àwọn ọmọ tí ó dàgbà láàrin àkókò yìí, sinimá ni olùkọ́ ìtàn wọn. Púpọ̀ nínú wọn wà láàrin àwa tí à ń ka ìwé yìí. Ní ayé gbọ̀ngàn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń wo akọni pọ̀, àgbà kan lè pariwo láti ẹ̀yìn pé irọ́ ni, a ó sì jọ máa jiyàn títí a ó fi délé. Lórí fóònù, ẹnì kan ni ń wò ó, etí rẹ̀ dí, kò sì sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè.

Ohun tí mo rò pé ẹgbẹ́ wa lè ṣe kò ṣòro. Ní àkókò ìsinmi, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ti agbègbè Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù wá gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: ìtàn Ọ̀tìn bí adúgbò kọ̀ọ̀kan ti ń pa á, ìtàn ọdún ìsánsá, oríkì àwọn ológun pẹ̀lú gbogbo àléébù inú rẹ̀. Fóònù tí a fi ń wo Jagun Jagun tó fún iṣẹ́ náà. Nígbà tí a bá sì padà dé, kí a jọ wo fíìmù kan nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, kí a sanwó rẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, kí a sì gbé ohùn àwọn àgbà wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ó wá rí ibi tí sinimá ti sọ òtítọ́ àti ibi tí ó ti dá àrà. Akọni ti wọ ilé wa, a kò sì ní lé e jáde. Ẹ jẹ́ kí a wá àgbà tí yóò bá a jókòó.